Ẹ Má Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Àgbákò Ṣègbé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ TAMPAN

Sí Ààrẹ àti ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré TAMPAN, àti sí gbogbo ẹ̀yin tí sinimá Yorùbá àtijọ́ wà níkàáwọ́ yín,

 

Kambolé ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ní agbègbè Tchamba, láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Tógò. Ọmọ Yorùbá ni wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàgó ni àwọn aládùúgbò ń pè wá. Bí èèyàn bá kọrí sí ìlà-oòrùn lọ́dọ̀ wa, kò ní pẹ́ dé ààlà Bẹ̀nẹ̀, Bassila ló sì wà níwájú. Bí ó bá gba òdìkejì, á kọjá ní Tchamba kó tó wọ Sokodé, ìlú ńlá àwọn Tem, tí àwọn míràn ń pè ní Kòtòkólì. Odindi orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló wà láàárín ẹ̀yin àti àwa. Síbẹ̀, àwọn òṣèré yín kò ṣàjèjì sí wa. A dàgbà bá ojú wọn ni.

Ikú Bàbá Charles Olúmọ ló mú mi kọ̀wé. Gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí Àgbákò. Ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1923 ni wọ́n bí wọn. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n jáde láyé, lẹ́ni ọdún 101. Abdulsalam Sànyàolú ni orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, ọmọ Abẹ́òkúta sì ni wọ́n. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti wà nídìí eré. Ẹ rò ó wò: kò tíì sí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀, torí ọdún 1959 ni ti Ìbàdàn dé. Nígbà tí wọ́n fi máa kú, inú fóònù làwọn ọmọdé ti ń wò wọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ipa ìkà ni a fi mọ̀ wọ́n jù. Àwọn ni wọ́n ń ṣe olórí jàǹdùkú, àwọn ni wọ́n ń ṣe jagunjagun tí kò láàánú, àwọn ni wọ́n ń ṣe ẹni tí ìlú ń sá fún.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyí. Ẹ kó iṣẹ́ bàbá yìí àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ kó tó bàjẹ́ tán, kí ẹ sì rí i pé èrè ibẹ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ṣì wà láàyè nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ yín ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, torí mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ agbègbè wa ti ń lọ ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà. Wọ́n á gba Bẹ̀nẹ̀ kọjá, wọ́n á ṣe àgbàṣe nínú oko olóko, bí iṣẹ́ bá sì parí, alùpùpù ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi owó wọn rà tí wọ́n á gùn padà wálé. Inú ẹrù wọn ni fídíò yín máa ń wà. Kásẹ́ẹ̀tì ni nígbà kan, ó di àwo CD, ó wá di ohun tí wọ́n ń fi fóònù ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ á gbé e síta lálẹ́, á to bẹ́ǹṣì, á gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò.

Ní Kambolé, a máa ń gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu tiwa àti ti ará Ọ̀yọ́ yàtọ̀. Ní Tchamba àti Sokodé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹnì kan tó ti gbé Nàìjíríà rí ni yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí yóò máa fi èdè Tem ṣe ògbufọ̀ fún gbogbo èrò. Ó ní láti pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ti jẹnẹrétọ̀. Bí ọba bá ń bá ìjòyè sọ̀rọ̀, á túmọ̀ rẹ̀. Bí orogún méjì bá ń jà, á túmọ̀ rẹ̀, á tún fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí Àgbákò bá ti yọ, á dákẹ́. Kí ló fẹ́ túmọ̀? Bí bàbá ṣe ń rìn wọlé, bí wọ́n ṣe ń ranjú, bí wọ́n ṣe ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu, gbogbo èrò ti mọ̀ pé ibi dé. Mo rí ìyá kan ní Sokodé, ọmọ Tem pọ́ńbélé tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, tó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra kíákíá nígbà tí bàbá wọlé. Òṣèré tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí kò gbédè rẹ̀, tí kò mọ ìlú rẹ̀, tí kò sì ní bá a pàdé láéláé, ọ̀gá ni. Mi ò rò pé a yẹ́ wọn sí tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibì kan tún wà tí ògbufọ̀ ti máa ń dákẹ́, èyí sì máa ń dùn wá. Bí òṣèré tí a ń pè ní Fádèyí Olóró bá dojú kọ ọ̀tá rẹ̀, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀ síra wọn, ọ̀rọ̀ á yára, á sì jinlẹ̀. Ògbufọ̀ kò ní lè bá wọn dé ibẹ̀. Á kàn sọ pé oògùn ni wọ́n ń pè. Àwọn èrò rí ìjà, wọn ò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n eré náà wà. Ìkà inú eré Yorùbá kì í ṣe ẹni tó kàn gbé àdá tàbí ìbọn dání. Ẹnu ló fi ń jà. Ó mọ orúkọ ewé, ó mọ ìwà ẹranko, ó mọ bí nǹkan ṣe ṣẹ̀, ó sì kó gbogbo ìmọ̀ yẹn lé orí ibi. Òṣèré tó máa ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ náà títí tí kò fi ní ta kókó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà Kambolé máa ń gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní bàbá àwọn náà ń sọ irú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àmọ́ ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tí òǹwòran rí. Nínú eré wa, ẹni tó ń ṣe ìkà ló ń gbé eré ró. Ẹ wo Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993. Ìjòyè tó dìtẹ̀ ta ilẹ̀ àjogúnbá kí wọ́n lè kọ́ ilé epo sórí rẹ̀, tí ẹ̀san wá ń lé kiri, Alhaji Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ló ṣe é. Bí ẹ bá yọ ìjòyè yẹn kúrò, kí ló kù? Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀ níbí, tí ẹnì kan fẹ́ dá ta ohun tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí, wọ́n ṣì máa ń fi fíìmù yẹn bá a wí. Ìwà ìjòyè yẹn ni wọ́n rántí. Ṣé ẹni rere inú eré náà ló kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni?

Ẹ tún wo Àrélù, tí Olóyè Jímọ̀ Àlíù, Àwòrò, gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1980. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì ni Àwòrò. Ọdún 1959 ni wọ́n wọ ẹgbẹ́ eré Akin Ògúngbè. Ní 1966 wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Ọdún kejì rẹ̀ wọ́n wọ iṣẹ́ ológun, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1975 tí wọ́n padà sídìí eré. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni wọ́n kú. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ Ògúngbè. Irú àwọn èèyàn báyìí ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ òṣèré ìgbà yẹn, abẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́: wọ́n jọ ń wọ mọ́tò láti ìlú dé ìlú, wọ́n jọ ń sùn sílé ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn, ọ̀gá a sì pín ipa fún oníkálukú. Ẹni tí ojú rẹ̀ le tàbí tí ohùn rẹ̀ ki ni wọ́n máa ń fún ní ipa ìkà. Bó bá ti ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ó di tirẹ̀ nìyẹn títí ayé.

Kí wá ni ẹni bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwa òǹwòran? Ìbẹ̀rù ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣe ọmọlúàbí nínú eré, wọ́n á fi sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó ń ṣe aláwàdà, wọ́n á ná an lówó lójú agbo. Ẹni tó ń ṣe ìkà, ọmọdé á sá fún un lọ́jà. Orúkọ rẹ̀ gan-an kì í hàn. Ẹ béèrè lọ́jà Kambolé, wọ́n á sọ fún yín pé àwọn mọ Fádèyí Olóró. Ẹ wá béèrè Òjó Arówóṣafẹ́, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ ọ rí. Ẹnì kan náà sì ni. Oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Bàbá Arówóṣafẹ́ kú, lẹ́yìn àìsàn. Kí wọ́n tó kú, fídíò ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ ìrànlọ́wọ́ fún ìtọ́jú ara wọn dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Àwọn kan nínú wa sunkún. Àwọn míràn kò gbà gbọ́, wọ́n ní ẹni tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló lè máa ṣe é? Èmi bínú, mo ṣì ń bínú. Kò yẹ kí ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan, tí iṣẹ́ náà sì ń lọ káàkiri orí YouTube títí di àárọ̀ yìí, máa tọrọ owó oògùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní irú fíìmù bẹ́ẹ̀, kó máa ṣègbé lọ. Àwọn àlùfáà kan ní Sokodé ń sọ ọ́, àwọn pásítọ̀ náà ń sọ ọ́: wọ́n ní oògùn àti ìkà ló kún inú rẹ̀, pé ó ń ba ọmọ jẹ́. N kò kó ọ̀rọ̀ wọn dànù. Fíìmù kan wà lóòótọ́ tí n kò ní fi han ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú èyí tó pọ̀ jù nínú eré àwọn àgbà wọ̀nyí ni pé ìkà kì í jèrè. Ó lè lágbára, ó lè lówó, ìlú lè máa gbọ̀n níwájú rẹ̀, àmọ́ kí eré tó parí, ohun tó gbìn á hù lójú rẹ̀. Àwọn àgbà òṣèré yìí gbà láti jẹ́ ẹni ègún lójú gbogbo èèyàn, kí àwa lè rí òpin ìkà ká sì yàgò fún un. Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ ìsìn fún ìlú. Ẹni tó fẹ́ jiyàn kó wá, àmọ́ kó kọ́kọ́ wo fíìmù náà dópin.

Àwọn orílẹ̀-èdè míràn kò fojú kékeré wo irú òṣèré yìí. Ọdún 1922 ni wọ́n bí Christopher Lee ní Lọ́ńdọ̀nù, kò tilẹ̀ tó ọdún kan tó fi ju Àgbákò lọ. Òun náà, ìkà ló fi gbogbo ayé ṣe, ipa Dracula tó ṣe ní 1958 sì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi í joyè Sir, fíìmù rẹ̀ wà ní mímọ́ títí di òní, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó á rí i rà. Ní Íńdíà, Amrish Puri ni ọ̀gá àwọn òṣìkà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Sokodé ló mọ̀ ọ́n, torí wọ́n fẹ́ràn fíìmù Íńdíà gan-an níbẹ̀. Bí ẹ bá dárúkọ Mogambo tó ṣe nínú Mr. India ní 1987, àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín. Ó ti kú láti 2005, a ṣì ń rí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ta ló lè mú ìwé kan wá báyìí tí gbogbo eré tí Charles Olúmọ ṣe wà nínú rẹ̀? Àádọ́rin ọdún iṣẹ́, kò sì ní àkọsílẹ̀ kan tó pé!

Mo mọ ohun tó fà á tí nǹkan fi rí báyìí. Nígbà tí Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, tí Hubert Ògúńdé tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ayé ní 1979, owó ńlá ni sinimá ń náni. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ kì í pọ̀. Ọ̀gá eré fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, tó ń jókòó ti ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i dà kọ. Ẹ̀rù tó bà wọ́n nídìí, ẹ rántí ohun tí ojú aláwàdà Bàbá Sàlá rí lórí sinimá rẹ̀, Ọ̀run Móoru, tí àwọn olè dà kọ sórí fídíò, tí gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn mì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ti sinimá wọn mọ́ yàrá. Olè kò rí i, àmọ́ ooru rí i. Téèpù sinimá tó bá wà nínú ooru àti ọ̀rinrin á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn kíkan, ẹni tó bá ṣí agolo rẹ̀ á fi ọwọ́ bo imú. Á lọ́ pọ̀, á sún kì, tó bá sì dé ìwọ̀n kan, kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà á wọlé mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò náà ń bu. Èyí tí ẹ rí lórí YouTube lónìí, ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ láti ara ẹ̀dà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àwòrán ti ṣú, ohùn ti há, orúkọ àwọn òṣèré tó yẹ kó wà níparí ni wọ́n ti gé kúrò. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló ń jẹ owó ìpolówó ọjà.

Síbẹ̀, kò tíì bọ́. Ní 2016, wọ́n rí Shaihu Umar, sinimá Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jos. Gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti sọnù. Ilé-iṣẹ́ Arsenal ní Berlin, ní Jámánì, bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi han gbogbo ayé níbẹ̀ ní 2018. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba kí èèyàn wọ yàrá, kó máa ṣí agolo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ó yẹ kí ẹ̀yin náà rán èèyàn wọ yàrá báyìí: ní Jos, nílé àwọn ọmọ ọ̀gá eré tó ti kú, ní àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀, àti ní ọjà Alábà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta fídíò nígbà yẹn. Ní ti ìwé àkọsílẹ̀, kò gba owó kankan. Àwọn àgbà tí wọ́n jọ ṣeré ṣì wà. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ tan fóònù yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ eré tí wọ́n ṣe, ọdún tí wọ́n ṣe é, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó ṣe kí ni nínú rẹ̀, àti iye tí wọ́n san fún wọn.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ló ká mi lára jù. Ìwọ̀nba tí wọ́n san fún òṣèré lọ́jọ́ náà, òun náà ni títí láé, ì báà jẹ́ pé wọ́n fi fíìmù náà hàn nígbà ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ lẹ lágbára láti pe àwọn tó ni fíìmù àti àwọn tó ń gbé e sórí YouTube jókòó, kí ẹ fi ẹnu kò lórí ìdá tí yóò máa lọ sọ́dọ̀ òṣèré tàbí àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá nawọ́ ọ̀rọ̀ yìí dé Tógò níbí, BUTODRA ní Lomé ló ń gba ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi ìtumọ̀ Faransé sí abẹ́ àwòrán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa ń kọ síbẹ̀, kò sì wúlò fún wa. Faransé ni àwọn ọmọ Tchamba, Sokodé, Bassila àti gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ń kọ́ nílé ìwé. Bí ẹ bá ṣe é, ìyá tí mo rí ní Sokodé á ní ọmọ tó máa ka ọfọ̀ yẹn sí i létí, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe ariwo. Ẹ̀yin àgbààgbà àti aláṣẹ ìlú Sokodé náà, bí ẹ bá rí lẹ́tà yìí, ẹ yọ̀ǹda gbọ̀ngàn fún wa kí á lè fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ hàn nígbà tí èrò bá pé síbẹ̀ fún ọdún Gadao-Adossa. Àwọn tó lọ ṣe àgbàṣe ní Nàìjíríà pọ̀ láàárín yín, wọ́n á wá.

Ẹ̀yin àgbà TAMPAN, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣì wà láàyè, ẹ má dúró de ìsìnkú kí ẹ tó sọ̀rọ̀ wọn. Àwa olùkọ́ kan wà ní Kambolé tí a gbọ́ Yorùbá, tí a sì ń kọ́ ọmọ ní Faransé. Ẹ fi fíìmù kan ṣoṣo tí Àgbákò wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ẹ̀dà tó mọ́, tí orúkọ àwọn òṣèré sì pé lára rẹ̀. A ó túmọ̀ rẹ̀ fún yín láìgba kọ́bọ̀. A ń retí èsì yín.

Èmi ni,
Òǹwòran yín, láti Kambolé, Tógò.